Owó kékeré tẹ́ ẹ fẹ́ ṣọ́ lórí ínṣọ́ránsì mọ́tò lè kó owó ọjà yín lọ: Ohun tó yẹ kí ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wakọ̀ àti ọ̀gá ẹ̀ mọ̀

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni fóònù mi dún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń pè, ohùn ẹ̀ sì ń gbọ̀n. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ ní Pánṣẹ́kẹ̀, mo ti lọ kọ lu mọ́tò onímọ́tò." Kí n tó débẹ̀, àwọn èrò ti pé lé e lórí, kálukú ń sọ tẹnu ẹ̀.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni ọmọkùnrin yìí, kò sì tíì ju oṣù mẹ́rin lọ tó gba láísẹ́ǹsì. Ìyá ẹ̀ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Owó àjọ tí ìyá náà kó ló fi kún ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó fi ra Corolla àlòkù kan, pé kí ọmọ máa fi gbé ọjà lọ bá àwọn oníbàárà wọn ní Ọbáńtókò, Àṣẹ́rò, títí dé Ṣàgámù. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ló já sójú títì lójijì níwájú ẹ̀. Ó yà fún un, ló bá lọ fi imú Corolla gbá ìdí jíìpù ọkùnrin kan tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́bàá títì. Bọ́ńpà fọ́, iná ẹ̀yìn fọ́, búùtù wọnú.

Ká sòótọ́, onímọ́tò náà ò pariwo rárá. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ínṣọ́ránsì rẹ dà?" Inú ọmọ yìí dùn, ó fa bébà kan yọ láàárín àwọn pátíkúlà mọ́tò, ó nà án sí i. Ọkùnrin náà tẹ nọ́ńbà mọ́tò sórí fóònù ẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó mi orí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ayédèrú ni bébà náà. Ọwọ́ ẹnì kan tó ń bá àwọn èèyàn ṣe pátíkúlà lábẹ́ agboòrùn ló ti rà á ní N5,000, nígbà tí ojúlówó jẹ́ N15,000.

N430,000 ni wọ́n fi tún jíìpù yẹn ṣe. Ìyá ọmọ ló san án, nínú owó tó fẹ́ fi ra aṣọ funfun àti aró. Oṣù méjì gbáko ló fi ń ta ọjà tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò lè pa tuntun láró. N10,000 tí ọmọ fẹ́ ṣọ́ ló di N430,000 sí ìyá lọ́rùn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí fún ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Púpọ̀ nínú yín lẹ ní ọmọ, àbúrò tàbí ọmọṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ mọ́tò wà, tẹ́ ẹ sì fẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ wo bẹ́ ẹ ṣe lè rí ínṣọ́ránsì tí apá yín á ká, tí kì í sì í ṣe bébà lásán.

OWÓ GBOGBO WA TÓ Ń GBÉ ẸNÌ KAN DÌDE

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dá àjọ mọ̀ pé owó tẹ́ ẹ dá náà lẹ máa kó. Ínṣọ́ránsì, èyí tí wọ́n ń pè ní adójútòfò, yàtọ̀ síyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn á dá owó díẹ̀díẹ̀ jọ, ẹni tí òfò bá ṣe nínú wọn ni wọ́n á fi gbé dìde. Bí òfò kò bá ṣe yín lọ́dún yẹn, owó yín ti bá ẹlòmíì ṣe é nìyẹn. Ó jọ bí ẹgbẹ́ ọjà ṣe máa ń dá owó fún ọmọ ẹgbẹ́ tí iná jó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti ínṣọ́ránsì, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé kí iná tó ṣẹ́ rárá.

Ti mọ́tò kì í ṣe ohun tó wù wá ká ṣe tàbí ká má ṣe. Ọdún 1945, nígbà tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣòfin ní Nàìjíríà pé ẹnikẹ́ni tó bá gbé mọ́tò sójú títì gbọ́dọ̀ ní ínṣọ́ránsì tó máa dí òfò tó bá fi ṣe ẹlòmíì. Òfin adójútòfò ọdún 2003 tún tẹnu mọ́ ọn. Òfin tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ló wá kó àwọn òfin àtijọ́ yẹn jọ sójú kan. Ṣáájú ìgbà náà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025, làwọn ọlọ́pàá ti kéde pé àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé yìí wò jákèjádò orílẹ̀-èdè. Torí náà, ọ̀rọ̀ pé "wọn kì í béèrè é" ti kọjá.

Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso gbogbo ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni NAICOM, tí òfin ọdún 1997 gbé kalẹ̀. Àwọn ló ń sọ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ ta ìwé mọ́tò.

Ọ̀DỌ́ ÀTI ÀGBÀ, IYE KAN NÁÀ NI

Ohun kan wà tó ya ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lẹ́nu. Bí ọmọ Ẹ̀gbá kan bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì, owó ínṣọ́ránsì ẹ̀ lè sún mọ́ iye tó ra mọ́tò gan-an. Ìdí ni pé níbẹ̀, ọjọ́ orí àti iye ọdún téèyàn ti ń wakọ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń díye lé e. Àwọn ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ a máa fi ẹ̀rọ kékeré kan sínú mọ́tò ọ̀dọ́ láti mọ bó ṣe ń sáré àti bó ṣe ń tẹ bíréèkì, kí wọ́n tó dín owó kù fún un. Bí bàbá bá sì lọ fi orúkọ ara ẹ̀ ra ínṣọ́ránsì mọ́tò tó jẹ́ ọmọ ló ń wà á lójoojúmọ́, jìbìtì ni wọ́n ka ìyẹn sí.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, third party, ìyẹn èyí tó kéré jù tí òfin sọ pé kẹ́ ẹ ní, kò bìkítà fún ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì àti bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún, iye kan náà ni wọ́n máa san. Irú mọ́tò àti iṣẹ́ tó ń ṣe ni wọ́n ń wò.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023 ni NAICOM ti kéde iye tuntun. Mọ́tò àdáni tó jẹ́ N5,000 tẹ́lẹ̀ di N15,000 lọ́dún, ilé-iṣẹ́ adójútòfò yóò sì san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà (N3m) fún dúkìá ẹlòmíì tẹ́ ẹ bá bà jẹ́. Mọ́tò tẹ́ ẹ fi ń kó ọjà ara yín jẹ́ N20,000, owó ìbàjẹ́ tí wọ́n lè san sì tó N5m. Bọ́ọ̀sì tí ń kó òṣìṣẹ́ jẹ́ N20,000. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó ẹrù gbowó jẹ́ N100,000. Kẹ̀kẹ́ Márúwá jẹ́ N5,000, ọ̀kadà sì jẹ́ N3,000.

Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa. Ẹni tó bá lóun fẹ́ ta third party mọ́tò àdáni fún yín ní N4,000 tàbí N5,000, kì í ṣe pé ó ń ṣe yín lóore. Ẹdínwó ò sí níbẹ̀. Ayédèrú ló ń tà.

IBI TÍ THIRD PARTY MỌ

Third party ò ní í tún mọ́tò tiyín ṣe o. Mọ́tò, ṣọ́ọ̀bù tàbí ara ẹlòmíì ló wà fún. Ká ní ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ojúlówó, ilé-iṣẹ́ ì bá san owó jíìpù yẹn, ṣùgbọ́n imú Corolla tó fọ́ á ṣì kù sí wọn lọ́rùn.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni third party tí wọ́n fi iná àti olè kún. Bí iná bá jó mọ́tò yín tàbí tí wọ́n bá jí i gbé, wọ́n á san án, àmọ́ bẹ́ ẹ bá fúnra yín gbá a mọ́ ògiri, tiyín ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tún ní irú kan tó wà láàárín, tí wọ́n fi owó díẹ̀ lé third party, tí wọ́n á sì tún mọ́tò yín ṣe dé ìwọ̀n iye kan. Orúkọ tí kálukú ń pè é yàtọ̀ síra, torí náà ẹ béèrè pé, "Ẹ̀yin ní èyí tó ju third party lọ díẹ̀, tí kò tó comprehensive?" Èyí gan-an ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré nílò, àmọ́ tí wọn ò mọ̀ pé ó wà.

Comprehensive ló tóbi jù. Ó kó ti ẹlòmíì àti tiyín pọ̀. Àṣẹ tí NAICOM pa lópin ọdún 2022 ni pé owó ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye mọ́tò, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo ẹ̀dínwó kúrò. Mọ́tò tó bá jẹ́ N4m, ó kéré tán, N200,000 lọ́dún nìyẹn, bí N16,700 lóṣù. Mọ́tò N6m, N300,000.

Ibí yìí ni ọjọ́ orí ti lè wọlé. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa fún yín kọ á béèrè ọjọ́ orí awakọ̀, ìgbà tó gba láísẹ́ǹsì, àti bóyá ó ti ní jàǹbá rí. Bí awakọ̀ bá kéré tàbí tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu ẹ̀, ilé-iṣẹ́ lè bù lé owó náà, tàbí kí wọ́n sọ pé bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, iye báyìí ni ẹ̀yin á kọ́kọ́ san kí àwọn tó san ìyókù. Ká ní iye yẹn jẹ́ N50,000. Bí àtúnṣe bá jẹ́ N40,000, ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo ẹ̀. Bó bá jẹ́ N300,000, wọ́n á san N250,000. Ẹ béèrè iye yìí kẹ́ ẹ tó sanwó, kì í ṣe lọ́jọ́ tí mọ́tò bá ti wà lọ́dọ̀ panẹ́bítà.

Ọ̀NÀ TẸ́ Ẹ LÈ FI DÍN OWÓ NÁÀ KÙ

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè pé: bí mọ́tò yìí bá bàjẹ́ pátápátá lọ́la, ṣé mo lè ra òmíì láìjẹ́ pé ọjà dẹnu kọlẹ̀? Bó bá jẹ́ mọ́tò yẹn ni gbogbo òwò yín gbára lé, tẹ́ ẹ sì yáwó rà á, comprehensive tọ́ sí yín. Bó bá jẹ́ àlòkù tí kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n, ẹ lè ra third party tó ní iná àti olè, kẹ́ ẹ wá máa fi ìyókù owó comprehensive sínú àjọ, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án, kó lè jẹ́ owó àtúnṣe.

Ẹ ná iye. Ẹ má gba iye àkọ́kọ́ tí wọ́n bá sọ. Ilé-iṣẹ́ kan lè pe ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀dọ́, kí òmíì gba ìdá márùn-ún fún mọ́tò kan náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ má kàn wo iye nìkan, ẹ fi ohun tí wọ́n máa san àti ohun tí wọn ò ní í san wé ara wọn.

Bó bá jẹ́ comprehensive, ẹ lè sọ fún wọn pé ẹ̀yin á máa dá àtúnṣe kékeré san fúnra yín, kí wọ́n dín owó ọdún kù. Ẹni tó bá ní owó díẹ̀ nípamọ́ ni irú èyí dára fún.

Ẹ má purọ́ iye mọ́tò. Àwọn kan máa ń sọ pé mọ́tò N5m jẹ́ N3m kí owó lè kéré. Ọjọ́ tí jàǹbá N500,000 bá ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ lè sọ pé ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún mọ́tò náà lẹ sanwó fún, kí wọ́n san N300,000 fún yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ má sọ pé ó ju iye tó jẹ́ lọ, torí kò sẹ́ni tó máa san ju òfò gan-an lọ.

Bí ọdún kan bá kọjá láìsí jàǹbá, ẹ béèrè ẹ̀dínwó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíì, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn pé ẹ ò gbowó gbà-máà-bínú kankan lọ́wọ́ wọn. Fún ọ̀dọ́, ọdún méjì, mẹ́ta láìsí jàǹbá níyì ju kí bàbá ẹ̀ bá a bẹ̀bẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kí ìwé ti wà lórúkọ ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bó bá jẹ́ òun ló ni mọ́tò.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí ẹ̀yin oníṣòwò mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ kan tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bá jọ gbé mọ́tò mẹ́wàá lọ bá ilé-iṣẹ́ kan, wọ́n á gbọ́ ohùn yín ju bí ẹnì kan bá lọ lọ. Ẹ ò ní í dín third party kù, torí iye ìjọba ni. Ṣùgbọ́n lórí comprehensive, ẹ lè rí wọn bá sọ ọ́ dé ìdá márùn-ún.

Àwìn ò sí níbẹ̀ o. Láti ọdún 2013 ni NAICOM ti ń fi ọwọ́ líle mú un pé ẹni tí kò bá sanwó kò ní ìdáàbòbò. Tí owó ọdún kan bá wúwo, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní èyí tẹ́ ẹ lè san lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Àmọ́ ẹ kọ ọjọ́ tó máa tán síbi tẹ́ ẹ ti máa rí i, torí bó bá ti tán lálẹ́ òní, jàǹbá àárọ̀ ọ̀la kò sí nínú ẹ̀.

Ẹ̀YIN Ọ̀GÁ, Ọ̀RỌ̀ YÍN NÌYÍ

Bẹ́ ẹ bá gbé mọ́tò fún ọmọṣẹ́ pé kó lọ jíṣẹ́ òwò yín, tó wá ṣe ẹlòmíì léṣe lẹ́nu iṣẹ́ náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rán an lòfin lè wá bá. Ẹni tó farapa mọ̀ pé ọmọ ogún ọdún ò lówó, ṣọ́ọ̀bù yín ló máa wá. Torí náà ẹ rí i dájú pé ohun mẹ́ta wà nílẹ̀ kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Èkíní, láísẹ́ǹsì tó jẹ́ tiẹ̀ lóòótọ́. Òfin sọ pé kí ẹni tó máa gbà á ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Kó sì jẹ́ pé ó kọ́ mọ́tò níléèwé ìwakọ̀ tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC fọwọ́ sí, kì í ṣe pé ó kàn ń wá a kiri lẹ́yìn ilé. Bí ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì bá wa mọ́tò yín tí jàǹbá ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti rí ìdí tí wọn ò fi ní í tún tiyín ṣe nìyẹn.

Èkejì, kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò mọ̀ pé òun náà á máa wà á. Èkẹta, kí wọ́n mọ iṣẹ́ tí mọ́tò ń ṣe. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí. Wọ́n á ra ìwé mọ́tò àdáni, wọ́n á wá máa fi gbé èrò láti Kútọ̀ lọ sí Làfẹ́ǹwá, tàbí kí wọ́n fi sórí áàpù tí wọ́n fi ń pe takisí. Lọ́jọ́ ìṣòro, ilé-iṣẹ́ lè sọ pé, "Ẹ ò sọ fún wa pé mọ́tò yìí ń gbowó." Owó tẹ́ ẹ ti ń san látọdúnmọ́dún ti wọgbó nìyẹn. Òdodo ni ìpìlẹ̀ ínṣọ́ránsì. Irọ́ kan ṣoṣo nínú fọ́ọ̀mù lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

BẸ́ Ẹ ṢE LÈ DÁ AYÉDÈRÚ MỌ̀

Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà ní àkójọ kan tí gbogbo ojúlówó ìwé mọ́tò máa ń wà. Ẹ wọ askniid.org lórí fóònù, ẹ tẹ nọ́ńbà mọ́tò yín sí i. Bí ìwé bá jẹ́ ojúlówó, orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ọjọ́ tó máa tán á jáde. Ẹ ṣe é lójú ẹni tó tà á fún yín, kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bó bá ní "ó di ọ̀la kó tó jáde," ẹ sọ fún un pé ọ̀la náà lẹ máa mówó wá.

L'Abẹ́òkúta níbí, ẹ lè gba Òkè-Ìléwó àti Ìbarà lọ, àdúgbò àwọn báǹkì àti ọ́fíìsì, kẹ́ ẹ lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ adójútòfò fúnra yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ń tà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ìwé á dé sórí fóònù yín kíákíá. Ẹ tún lè lo alágbàtà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAICOM. Ilé-iṣẹ́ ló ń san owó iṣẹ́ alágbàtà láti inú owó tẹ́ ẹ bá san, òun ló sì lè bá yín jà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba gbà-máà-bínú. Èyí wúlò fún ẹni tí kò ráyè máa ka ìwé kẹ́nikẹ́ni. Àmọ́ ẹ béèrè ìwé àṣẹ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì sanwó sínú àkáǹtì ilé-iṣẹ́, kì í ṣe sọ́wọ́ èèyàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba Ìdírókò lọ ra ọjà ní Kùtọnu, ẹ má rò pé ìwé Nàìjíríà nìkan tó. Àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Kùtọnu lọ́dún 1982, òun ló bí káàdì tí wọ́n ń pè ní Brown Card. Òun ló máa sọ̀rọ̀ fún yín bẹ́ ẹ bá kọ lu mọ́tò ẹlòmíì ní Bìní tàbí Tógò. Ẹ béèrè fún un lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ tó gbéra.

LỌ́JỌ́ TÍ JÀǸBÁ BÁ ṢẸLẸ̀

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó farapa. Ẹ̀mí ṣáájú mọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ya fọ́tò mọ́tò méjèèjì àti nọ́ńbà wọn, àti bójú títì ṣe rí, kí wọ́n tó gbé wọn kúrò. Ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù onímọ́tò kejì àti ti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú ẹ̀. Ẹ fi tó ọlọ́pàá létí kẹ́ ẹ lè gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ adójútòfò lọ́jọ́ yẹn gan-an, nítorí wọ́n lè fi pípẹ́ kẹ́wọ́. Ẹ má ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni lójú títì, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe kí wọ́n tó wá wò ó. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù ò mọ̀. Bí mọ́tò ẹlòmíì bá já wọnú ṣọ́ọ̀bù yín, tó fọ́ ògiri àti fíríìjì, tàbí tó kọ lu ọmọṣẹ́ yín, ínṣọ́ránsì onímọ́tò yẹn ló yẹ kó san án. Ẹ̀yin ò ní láti ní ínṣọ́ránsì kankan kẹ́ ẹ tó béèrè. Ẹ gba nọ́ńbà mọ́tò náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí askniid.org, ẹ mú ìwé ọlọ́pàá, fọ́tò àti iye àtúnṣe lọ bá ilé-iṣẹ́ tó bá jáde níbẹ̀. Owó ńlá làwọn èèyàn ti pàdánù sórí "ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run," nígbà tó jẹ́ pé owó ti wà nílẹ̀ dè wọ́n. Bí ilé-iṣẹ́ bá ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ láìnídìí, NAICOM ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kẹ́ ẹ so ẹ̀dà gbogbo ìwé yín mọ́ ọn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ra ìwé tuntun. Èmi àti ẹ̀ la jọ lọ. A bi ilé-iṣẹ́ mẹ́ta léèrè, a sọ fún wọn pé àdìrẹ ni mọ́tò ń kó, a sì sọ ọjọ́ orí ẹ̀ bó ṣe rí. Èyí tó ní iná àti olè la mú. Kó tó sanwó, ó wò mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, bí mi ò bá kọ lu ẹnikẹ́ni lọ́dún yìí ńkọ́? Ṣé owó yìí ti wọgbó nìyẹn?" Mo ní, "O ò rántí ohun tí mọ́mì ẹ san?" Kò fèsì. Ó mú fóònù, ó tẹ nọ́ńbà mọ́tò ẹ̀ sórí askniid, ó dúró títí orúkọ fi jáde, ká tó kúrò níbẹ̀.

Ìyá ẹ̀ ti padà sídìí aró. Àmọ́ ó lóun ò ní í gbàgbé iye igàn aṣọ tí N430,000 ì bá rà fún òun lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ fa ìwé tó wà nínú mọ́tò yín yọ lónìí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Tẹ́ ẹ bá bá nǹkan níbẹ̀, ó dáa. Tí ẹ ò bá bá nǹkan níbẹ̀, ẹ má gbé mọ́tò yẹn jáde lọ́la kẹ́ ẹ tó ra ojúlówó.